Ìpín Ẹja àti Yàrá Ìdí-Àgbọn

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bàṣírát fi gbé ní Lẹ́kí, kò sì fi ẹsẹ̀ kan omi òkun rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ìgbà wo lẹ dé etí òkun gbẹ̀yìn? Ẹni tó ń fọ aṣọ ènìyàn márùn-ún, tó ń ká a, tó ń dáná, tó ń nu ilé alájà méjì, tó tún ń fún ajá lóúnjẹ, ìgbà wo ni yóò ráyè lọ wo omi? Ó kàn máa ń gbọ́ ọ ni. Láàárọ̀ kùtù, kí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀ ariwo wọn, á gbọ́ ohùn kan lókèèrè, hùù, hùù. Á ní, "Òkun nìyẹn," á sì lọ gbé omi kaná.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Ọmọ́wùnmí ló ń gbé, dókítà kan tó nílé nínú ẹ́síteètì ńlá. Yàrá Bàṣírát wà lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń pè ní bọ́ìsì-kọ́tà. Yàrá náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ó ní fáànù, ó ní balùwẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò ní: ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣeé tì láti inú. Ẹni tó bá ti ń wá Bàṣírát á kàn ti ilẹ̀kùn wọlé ni. "Bàṣírát, yẹtí mi dà?" "Bàṣírát, ọmọ ń sunkún." Bó ń kírun ni o, bó ń wọṣọ ni o, ilẹ̀kùn á ṣí gbàgà. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, kò tíì sun oorun ọjọ́ kan nínú yàrá tó lè tì mọ́ ara rẹ̀.

Àfi bí Àǹtí ṣe pè é lọ́jọ́ kan, tó ní kó jókòó. Jókòó kẹ̀? Bàṣírát mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Àǹtí ní àwọn ń kó lọ sí Kánádà, tọmọ tọkọ, àwọn ti ta ilé, ẹni tó rà á yóò sì wọlé ní ìparí oṣù. Àǹtí sunkún, Bàṣírát náà sunkún. Àǹtí fi owó lé e lọ́wọ́, tó bá fi kún èyí tó ti ń tọ́jú, yóò gba ilé fún ọdún kan. Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàṣírát padà dé yàrá rẹ̀ tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ìbànújẹ́ kọ́ ló bá níbẹ̀. Ẹ̀rín ló ń pa á. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Bàṣírát, ìwọ náà á ní kọ́kọ́rọ́."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé. Hẹ̀n! Ẹni tó bá ti wá ilé láti Ajá dé Ṣàngótẹ̀dó rí ló mọ ohun tí ejẹ́ǹtì lè fi ẹnu ṣe. Èyí àkọ́kọ́ ní òun ní yàrá kan tí òkun wà lójú fèrèsé rẹ̀. Bàṣírát ṣí fèrèsé náà, ògiri ilé kejì ló rí, ó sún mọ́ ọn débi pé ó lè bá wọn ká aṣọ lórí okùn. Èkejì ní kó sanwó kó tó rí ilé. Lándílọ́ọ̀dù kan ní Awóyáyà wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Ọkọ yín dà?" Ó ní òun kò lọ́kọ. Bàbá yẹn ní, "Ẹ lọ mú ọkọ wá ná, kẹ́ ẹ tó wá mú yàrá." Bí ẹni pé wọ́n ń pàtẹ ọkọ ní Ṣàngótẹ̀dó! Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ń lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ péré kí oṣù parí, ibi tí Bàṣírát yóò forí lé kò tíì yé e.

Adébùkọ́lá, tó ń ṣọ́ géètì ẹ́síteètì, ló là á lójú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò ṣe lọ bá màmá mi? Wọ́n ní yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀ tó ṣófo ní Ìdí-Àgbọn. Abúlé etí òkun ni, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Wọn ò fi ti ejẹ́ǹtì ṣe, wọn ò sì ní bi yín léèrè ọkọ. Àmọ́ o, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò bá tíì bá ará abúlé fa àwọ̀n."

Bàṣírát rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹjọ ni Àǹtí Ọmọ́wùnmí fún un láàyè. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tó ti wọkọ̀. Ó kọjá Awóyáyà, ó kọjá ibi tí àwọn tírélà tò sí tí wọ́n ń lọ sí èbúté ọkọ̀ ńlá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gun ọ̀kadà wọ ọ̀nà oníyanrìn kan tí igi àgbọn gba ọ̀tún gba òsì. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ohùn tó ti ń gbọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún ń pọ̀ sí i. Hùù yẹn di gbì. Gbì! Gbì! Nígbà tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó gbọ́ ọ láti àtẹ́lẹsẹ̀.

Ó yọ sí gbangba, ó dúró gbagidi.

Omi! Omi láti iwájú rẹ̀ títí dé ibi tí sánmà ti wálẹ̀ wá bá a. Kò lópin lápá ọ̀tún, kò lópin lápá òsì. Ìgbì kan gbéra nínú agbami, ó ń ga bọ̀, ó ń ga bọ̀, ó dé ibì kan ó dúró díẹ̀, ó wá wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fóòmù funfun bo gbogbo ilẹ̀. Bàṣírát ní, "Subhanallah." Ó tún un wí. Orí rẹ̀ wú. Ó ti bọ́ sílípáàsì lẹ́sẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó bọ́ ọ. Kí inú tó bí i, ẹnu kọ́kọ́ yà á: kí irú nǹkan báyìí wà láyé, kó má jìnnà sí ibi téèyàn ti ń fọ àwo lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fúnni pé, "Bàṣírát, fi àwo yẹn sílẹ̀, wá wò ó."

"Ìwọ lọmọ mi ní o ń bọ̀?"

Arúgbó kan ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré lára, ó gbẹ bí ẹja yíyan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ borí ti òkun. Ìyá Adébùkọ́lá nìyẹn. Ó ń fi ohùn Ìjẹ̀bú etí omi sọ̀rọ̀, èyí tó máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn díẹ̀. Bàṣírát kúnlẹ̀ kí i. Ìyá náà ní kó dìde, pé iyanrìn á ba aṣọ rẹ̀ jẹ́, ó sì mú un lọ wo yàrá.

Yàrá kan, pálọ̀ kan, ilé ìdáná tó tó ẹni kan yí padà. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì, ògiri rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹfun. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun gan-an, tòótọ́, kì í ṣe tẹnu ejẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fèrèsé ni Bàṣírát ń wò. Irin ìdábùú kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fọwọ́ kàn án. Ó tì í, kàó. Ó ṣí i. Ó tún tì í. Ìyá náà dúró sí ìta, ó ń retí rẹ̀, kò sì ti ilẹ̀kùn wọlé.

"Màmá," ni Bàṣírát wí nígbà tó jáde, "owó ọdún kan wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Owó á dúró," ni ìyá náà fèsì. "Wọ́n ti ń fọn fèrè."

Ni wọ́n bá sáré lọ sétí omi. Àwọ̀n tí wọ́n ń fà ní Ìdí-Àgbọn kì í ṣe àwọ̀n kékeré. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wọ inú òkun lọ, á fi í yí omi ká, á wá mú orí okùn rẹ̀ méjèèjì padà wá sórí ilẹ̀. Ará abúlé á pín sí méjì, apá kan á di okùn ọ̀tún mú, apá kejì á di tòsì, wọn á máa fà á bọ̀. Habeeb ni olórí àwọ̀n, ọkùnrin aláyà fífẹ̀ kan tí ojú oòrùn ti sọ di dúdú kirikiri. Gbogbo ẹni tó wà nílé ló jáde: télọ̀, oníkẹ̀kẹ́, ìyá tó pọnmọ, ayálégbé, onílé. Kò sẹ́ni tó ní kí Bàṣírát wá, kò sì sẹ́ni tó ní kó má wá. Ó di okùn mú.

"Ẹ fà á!" ni Habeeb ń ké.

"Ó ń bọ̀!" ni wọ́n ń dá a lóhùn.

Yéè! Okùn yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ aṣọ fífọ̀ o. Ó ń bó ọwọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ya Bàṣírát lẹ́nu ni pé òkun náà ń fà. Bí àwọn bá fà á wá, òun náà á fà á padà, kò kánjú, kò bínú, bí àgbàlagbà tó ń bá ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣeré. Bàṣírát fi gìgísẹ̀ gbẹ́ iyanrìn, ó fà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ èwo ló ń ṣe. Nígbà tí àpò àwọ̀n náà jáde, ẹja ń fò nínú rẹ̀, ó ń dán yinrinyinrin lójú oòrùn òwúrọ̀. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà á. Gbogbo èyí wà lábẹ́ omi, kò sẹ́ni tó bọ́ ọ, kò sẹ́ni tó fọ ilé fún un!

Habeeb wá pín ẹja. Ó tò wọ́n sórí iyanrìn ní òkìtì kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn. Nígbà tó kan Bàṣírát, ó nawọ́ sí òkìtì kan: ṣawá mẹ́fà àti ọ̀bọ̀kún ńlá kan. "Àǹtí, tiyín nìyẹn."

Tòò. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ wá sílé àgbà, wọ́n gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún yín lẹ́ja. Ẹni tó bá lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ṣé á kó o sápò kó máa lọ ni? Bàṣírát ṣe ohun tí ìyá tó bí i kọ́ ọ. Ó kó gbogbo rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Adébùkọ́lá, ó ní, "Màmá, ẹ gbà á, ẹ fi sebẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ín."

Télọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín pa ẹnu rẹ̀ dé.

"O dá a padà?" ni ìyá náà bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Ó dáa." Ìyá náà da ẹja sínú agbọ̀n gbogbogbòò, ó so kọ́kọ́rọ́ yàrá mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì so ó le dáadáa. "A dúpẹ́ o. Kí Ọlọ́run sìn ọ́ délé."

Bàṣírát wà lórí ìkúnlẹ̀, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Habeeb ló wá bẹ̀rẹ̀, tó sọ ọ́ sí i létí. "Àǹtí, kí lẹ ṣe báyẹn sí? Ẹni tó bá dá ìpín padà níbí, ó ní òun ò bá wa gbé nìyẹn. Ẹ ti dá yàrá padà."

"Mo bọ̀wọ̀ fún wọn ni!"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìpín tẹ́ ẹ bá ti dá padà, a kì í gbé e síwájú yín mọ́. Àfi àwọ̀n mìíràn."

Àjèjì lójú, kò fi ríran. Ẹ wò ó bí ẹ̀kọ́ ilé ṣe fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ ẹni! Bí Bàṣírát sì ti ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi bẹ̀bẹ̀, mọ́tò kan yọ láàárín igi àgbọn. Ẹnjiníà Adétòkunbọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lápá èbúté ọkọ̀ ńlá. Ó ti wá wo yàrá náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó fa okùn, ó ń fi fóònù ya ara rẹ̀ bó ṣe ń fà á, wọ́n fún un ní ìpín, ó dà á sínú búùtù, ó juwọ́ sí wọn, ó sì lọ. Kò dọ̀bálẹ̀, kò fi lọ àgbà kankan. Ó ti yege, òun alára kò mọ̀.

Ó yọjú lójú fèrèsé mọ́tò. "Màmá, ìyàwó mi ti gbà o! Mo máa gbé owó wá láàárọ̀ ọ̀la."

Ìyá Adébùkọ́lá wo Bàṣírát, ó wá yíjú sí Ẹnjiníà. "Ìwọ ti gba ẹja, o ò tíì mówó wá. Èyí lówó, kò ní ẹja. Ẹni tí méjèèjì bá kọ́kọ́ pé lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni kọ́kọ́rọ́." Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Mọ́tò yí padà, ó lọ.

Nítorí náà, àwọ̀n kan ló kù fún Bàṣírát. Lọ́jọ́ náà náà ni, nítorí wọn kì í fa àwọ̀n lọ́jọ́ kejì Ìṣẹ́gun ní Ìdí-Àgbọn, òkun ń sinmi nìyẹn. Wọ́n máa ń ju àwọ̀n kejì lẹ́yìn ìrun Alásárì ti ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n omi ti ń kún. Habeeb dúró sétí rẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń mi orí. "Oṣù kẹjọ," ló wí. "Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Bó bá rọlẹ̀, a ó jù ú. Bí kò bá rọlẹ̀, ó di Ọjọ́bọ̀."

Ọjọ́bọ̀ kẹ̀! Ẹnjiníà á ti gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé.

Bàṣírát kò lọ. Ìyá náà gbé ẹ̀kọ àti ẹja díndín fún un, nítorí pé ọ̀rọ̀ yàrá kò kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ó jẹun tán, ó sì dìde láti fọ àwo. Ìyá náà ní, "Fi sílẹ̀." Ó mú ìgbálẹ̀. "Bàṣírát, fi sílẹ̀. Jókòó." Ó jókòó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tí òun yóò wà. Ó gbé e lé itan, ó gbé e kúrò. Ìyá náà ń wò ó, ẹ̀rín ń jẹ ẹ́ létè, ó wá ṣàánú rẹ̀, ó sọ ìdí abájọ fún un.

"Ṣé ìwọ rò pé ẹja là ń pín?" ló bẹ̀rẹ̀. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àbí a ń kà á? A kì í nawọ́ sí èèyàn ká máa pe oókan, eéjì. Ṣùgbọ́n ibi tí à ń gbé yìí, ó yẹ ká mọ iye tá a jẹ́. Nítorí náà, ẹja la máa ń kà. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, òkun wọlé lọ́sàn-án gangan. Ó gbé ògiri, ó gbé ilé ìdáná, ó gbé ewúrẹ́. Gbogbo wa sá lọ sórí òkìtì iyanrìn gíga ọ̀hún. Habeeb ní kí oníkálukú ju ìkarahun kan sílẹ̀, ó kà wọ́n. Ogójì. Òkìtì ẹja mọ́kànlélógójì la pín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ta ló kù? Télọ̀ tó o rí yẹn ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló tíì gbé lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ẹja rẹ̀ la mọ̀. Àwọn ọkùnrin padà wọ inú omi lọ wá a, wọ́n bá a lórí àjà, omi ti dé àyà rẹ̀."

Bàṣírát wo télọ̀ náà níbi tó ti ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn, tó ń kọrin lábẹ́ ètè. Ó rántí ọdún tí àgbàrá òjò wọ ẹ́síteètì títí dé orúnkún. Mọ́tò ni gbogbo wọn kọ́kọ́ sáré lọ wò. Ọ̀sán pọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn bọ́ìsì-kọ́tà, wọ́n sì tì í láti béèrè bóyá omi tíì ti hó. Kò bínú sí wọn nígbà náà. Kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ka òun mọ́ nǹkan.

Nísinsìnyí ó mọ̀, ó sì mọ ohun tí òun dá padà láàárọ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, n ò mọ̀ o."

"O ò mọ̀," ni ìyá náà wí. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀. Máa wo omi."

Ó ń wo omi. Láti ìgbà tí oòrùn ti wà lókè orí títí ó fi rọ̀, Bàṣírát kò ṣe nǹkan mìíràn. Ó rí i bí òkun ṣe ń yí àwọ̀ padà, tó ń dúdú, tó ń pọ́n, tó ń funfun. Ó rí i tó ń jẹ iyanrìn lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, síbẹ̀ kò lè gbójú kúrò. Nígbà tí wọ́n kírun Alásárì tán, òkun rọ díẹ̀. Habeeb fọn fèrè.

Wọ́n ju àwọ̀n náà, kò sì jìnnà. Bàṣírát ló kọ́kọ́ di okùn mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti bó láàárọ̀ tún bó. Ìgbì ń gba àwọn tó wà níwájú lẹ́sẹ̀, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde. Àwọ̀n wúwo! Inú rẹ̀ ń dùn pé ẹja kún un. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, koríko òkun ni, pupa, ìdì ńlá ńlá, àti ike omi, àti sálúbàtà ẹsẹ̀ kan. Wọ́n tú u, wọ́n wá a, ẹja tí wọ́n rí kò ju mẹ́sàn-án lọ.

"Ẹja mẹ́sàn-án," ni Bàṣírát wí jẹ́ẹ́. Ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Èèyàn tó ogójì ló dúró síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Habeeb yọ ọ̀bẹ. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó gé ẹja wẹ́wẹ́, orí, ìrù, àárín. Kò kánjú. Ó ń tò wọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀, ó ń kà á sókè ketekete, oníkálukú ń gbé tirẹ̀ bó ṣe ń kà á. Télọ̀ gba orí ṣawá kan, ó ní, "Alhamdulillah," bí ẹni pé odidi màlúù ni wọ́n pín fún un. Ìyá Adébùkọ́lá gba tirẹ̀ ní ìkẹrìndínlógójì. Bàṣírát ń wò wọ́n, ẹnu rẹ̀ kò lè padé. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n fi tayọ̀tayọ̀ gba ẹja tí ológbò kò ní wò lẹ́ẹ̀mejì!

Àlejò ni wọ́n ń pín fún gbẹ̀yìn. Ìrù ṣawá kan ló kù. Habeeb gbé e sí ìparí ìlà, lápá ìsàlẹ̀, nítòsí omi. Ó nawọ́ sí i, kò tíì la ẹnu tí ìgbì kan fi dé. Kì í ṣe ìgbì ńlá. Ó kàn na ara rẹ̀ gùn ju àwọn yòókù lọ, ó yọ́ kẹ́lẹ́ wá sórí iyanrìn, ó gbé ìrù ṣawá náà, ó sì ń padà lọ.

Gbogbo wọn rí i. Kò sẹ́ni tó mira. Kò sẹ́ni tó lè bá ẹlòmíràn gbé ìpín rẹ̀ ní Ìdí-Àgbọn, ì báà ṣe ọmọ bíbí inú ẹni. Wọ́n kàn yíjú sí Bàṣírát, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Obìnrin tí kò fẹsẹ̀ kan òkun rí! Ó sáré. Ó sáré tẹ̀lé omi bó ṣe ń lọ, iyanrìn ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, híjáàbù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dé orúnkún. Ó rí ìrù náà tó ń yí gbirigbiri nínú fóòmù, ó bù ú, ó bọ́. Ìgbì mìíràn ń gbéra níwájú rẹ̀. Habeeb kígbe, "Àǹtí, ẹ padà!" Kò padà. Ó da ara dé e, àyà àti apá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá iyanrìn, omi àti ẹja pọ̀, ìgbì náà sì wó lé e lórí gbì!

Wọn kò rí i mọ́. Àwọn ọkùnrin ti ń ju aṣọ sílẹ̀ láti wọlé tẹ̀lé e, Habeeb ló ṣíwájú. Nígbà náà ni orí rẹ̀ yọ. Ó ń wúkọ́, ó ń tu omi iyọ̀ jáde, híjáàbù ti bo ojú rẹ̀, kò mọ ibi tó kọjú sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, ó di ìkúùkù.

"Tèmi ni!" ló ń ké. Òkun ló ń ké e mọ́, nítorí òkun ló kọjú sí. "Tèmi ni! Tèmi ni o!"

Wọ́n fà á jáde. Ó rìn wá síwájú Ìyá Adébùkọ́lá, omi ń ro tótó lára rẹ̀. Ó la ọwọ́. Ìrù ṣawá wà níbẹ̀, kò ju ìka ọwọ́ lọ, iyanrìn ti bò ó.

Ìyá náà tú etí ìró rẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó fi í sí ọwọ́ kejì Bàṣírát. "Omi ti tutù sí ọ lára," ló wí. "Mú ẹja yẹn wá, kí n bá ọ yan án."

Bàṣírát wo kọ́kọ́rọ́. Ó wo ìyá àgbà náà. Ó kúnlẹ̀, nítorí ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ṣùgbọ́n ó pa ọwọ́ tó di ẹja mú dé.

"Rárá, mà," ló wí. "Ẹ ṣé o. Nílé mi ni màá ti yan án."

Ẹ̀rín bú jáde kárí etí òkun. Habeeb kò bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí. Ó dúró ní ìparí ìlà, níbi tí iyanrìn ti ṣófo, ó sì parí kíkà rẹ̀ sókè, kí gbogbo ayé lè gbọ́.

"Méjìlélógójì."